Bí a ṣe ń fi sẹ́ńsọ̀ méjì wọn bí orúnkún ṣe ń ká

Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ bí orúnkún aláìsàn ṣe ká tó. Ibi tí ó kọjú sí nìkan ló mọ̀. Méjì lẹ máa lò, ọ̀kan lórí itan, ọ̀kan lójúgun. Ẹ yọ igun ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì, èyí tó kù ni igun orúnkún.

Ẹ wá MPU6050 (sẹ́ńsọ̀ náà nìyẹn) méjì, ESP32 (kọ̀ǹpútà kékeré tí á máa ka sẹ́ńsọ̀) kan, wáyà tín-ínrín, àti bẹ́líìtì ẹlásítíìkì méjì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Wáyà SDA àti SCL (wáyà méjì tí sẹ́ńsọ̀ fi ń bá ESP32 sọ̀rọ̀) kan náà ni sẹ́ńsọ̀ méjèèjì á jọ máa lò, nítorí náà ẹ so píìnì AD0 ti ọ̀kan mọ́ 3.3V kí àdírẹ́sì rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí ESP32 fi ń pè é, lè di 0x69. Èkejì á wà ní 0x68. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, orúkọ kan náà làwọn méjèèjì á máa jẹ́, ọ̀rọ̀ wọn á sì dàrú mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí wáyà tó gba orúnkún kọjá dẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Páwà báǹkì dára fún iná, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń pa ara wọn bí iná tí à ń fà bá ti kéré.

Ẹ̀gbẹ́ ìta itan ni kí ẹ so ti òkè mọ́, torí ẹran iwájú itan máa ń mì, á sì gbé sẹ́ńsọ̀ rìn. Ti ìsàlẹ̀, ibi pẹlẹbẹ ojúgun, níbi tí egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awọ. Ẹ má so ó lé ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ.

Ẹ tàn án, kí ẹ fi sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú 2 kó gbóná díẹ̀, kí ẹ tó gba iye tí gyroscope (apá sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí ó ṣe ń yára yí) ń sọ nígbà tí kò mira, kí ẹ lè máa yọ ọ́ kúrò. Ẹ máa kà á ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: kí ìdá 98 nínú 100 igun náà wá láti ọ̀dọ̀ gyroscope, ìdá 2 láti ọ̀dọ̀ accelerometer (apá tó ń fi agbára òòfà ilẹ̀ mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà). Gyroscope nìkan á máa sún kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Accelerometer nìkan á fò sókè nígbàkígbà tí gìgísẹ̀ bá kanlẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ ni òdo. Wọ́n á ní kí aláìsàn dúró ṣánṣán, wọ́n á pe ìyẹn ní 0. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ orúnkún fún lè má tíì lè na ẹsẹ̀ tán. Bí ó bá ku dígírì 10 tí ẹ sì pè é ní 0, ẹ ti fi àìsàn yẹn pa mọ́, gbogbo iye tó kù á sì fi 10 dín. Goniometer (rúlà alápá méjì tí a fi ń wọn igun oríkèé) ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wọn ìdúró yẹn. Iye tó bá sọ ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òdo.

Kí aláìsàn má fi ẹ̀gbẹ́ sùn ṣe ìdánrawò tí ẹ fẹ́ wọn: bí ẹsẹ̀ bá ń ká gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, accelerometer kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ìjókòó, ìdúró tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kò ní wàhálà.

Orúnkún tó dá ṣáṣá máa ń ká tó bíi dígírì 60 nígbà tí a bá ń rìn. Bí ẹ bá rí 90, bẹ́líìtì ti yọ̀. Bí iye bá ń lọ sísàlẹ̀ òdo bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká, sẹ́ńsọ̀ kan ti kọjú sódì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, kí ó tún dúró bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iye bá fi ju dígírì 5 yàtọ̀, ẹ tún un so, kí ẹ sì tún un wọn.