Bí mo ṣe fi iye ìbí àti iye ikú wo ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè, àti ibi tí iṣẹ́ náà ti há

Owó gidi ni mo san fún àtẹ kan tó ń wọn ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo rẹ̀ ti pé síbẹ̀: iye tí wọ́n ń bí, iye tó ń kú, iye tí ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti to àwọn orílẹ̀-èdè láti orí èyí tó gòkè jù dé èyí tó kẹ́yìn. Mo ṣí i. Kátárì wà lókè téńté. Jàpáánì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun àti Chad fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Jàpáánì o! Ibi tí ọmọ tí wọ́n bí lónìí ti lè retí nǹkan bí ọdún 84 láyé ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ibi tí ọmọ tuntun ti ń retí nǹkan bí ọdún 55.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, pé iye tí ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé gbé jáde ni òun lò. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, nítorí pé òótọ́ ló sọ. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Jàpáánì, ó lé ní 12 tó ń kú lọ́dún. Ní Kátárì, wọn kì í tó 2. Chad àti Jàpáánì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí iye tó jẹ́ irọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi wọ́n sọ kì í ṣe òótọ́. Kò dá owó mi padà. Mo bá jókòó láti ṣe é fúnra mi.

Mi ò ní fi bí mo ṣe kó àwọn iye náà jọ fa ọ̀rọ̀ gùn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń gbé ìṣirò iye ènìyàn gbogbo orílẹ̀-èdè jáde lọ́fẹ̀ẹ́, Bánkì Àgbáyé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè lo Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to iye, yóò kó wọn wọlé, yóò tò wọ́n, ó parí.

Ibi iye ikú ni iṣẹ́ ti há. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ ni pé wọ́n á ka gbogbo ẹni tó kú lọ́dún, wọ́n á pín in sórí gbogbo ẹni tó wà láàyè. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ orí. Bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà ló ń kú jù níbi gbogbo. Ní Jàpáánì, nǹkan bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ti lé ní ọdún 65. Ní Kátárì, wọn ò tó 5, torí pé òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn ṣì le, tí wọ́n máa ń padà sí ilẹ̀ wọn kí wọ́n tó darúgbó. Ọkùnrin nìkan lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ènìyàn ibẹ̀. Ta ni yóò wá kú? Chad ní tiẹ̀ kún fún ọmọdé. Àwọn tó ń kú níbẹ̀ kì í ṣe arúgbó tó ti lo ayé tirẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Kí n tó fọwọ́ kan iye gidi, mo fi ìlú méjì tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi dán an wò, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí níyànjú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan. Ní ti àkọ́kọ́, 700 kò tíì pé ọdún 65, 300 ti kọjá a. Nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́, ẹnì 1 ń kú. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbà, 40. Ní ti ìlú kejì, 970 ni ọ̀dọ́, 30 péré ni àgbà, àmọ́ ikú wọn burú jù níhà méjèèjì: 3 nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́, 60 nínú ẹgbẹ̀rún àgbà. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bí ẹni tó ta àtẹ fún mi ṣe ṣírò tirẹ̀, ìlú àkọ́kọ́ yóò ní 12.7, ìkejì yóò ní 4.71. Ìlú tí ikú ti ń pa tọmọdé tàgbà jù ló wá dà bí èyí tó sàn jù!

Ọ̀nà tí a fi ń tún un ṣe kò le. A ó mú ìlú kẹta tí a ó fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn méjèèjì, ká ní 900 ọ̀dọ́ àti 100 àgbà, a ó wá bi ara wa pé: tí ènìyàn inú ìlú méjèèjì bá rí báyìí ní ti ọjọ́ orí, mélòó ni ìbá kú? Ìlú àkọ́kọ́ di 4.9, ìkejì di 8.7. Ipò wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo rí i lójú ara mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ṣùgbọ́n láti ṣe èyí fún orílẹ̀-èdè gidi, mo nílò iye ẹni tó wà láàyè àti iye ẹni tó kú ní ìpele ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Àtẹ tí mo fowó rà kò ní ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo bá lọ kó o ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Òmíràn pín ọjọ́ orí ní ọdún márùn-márùn-ún, òmíràn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Òmíràn dúró lórí 80, ó kó gbogbo ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sójú kan. Òmíràn lọ dé 85 kó tó dúró. Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni ìyẹn. Láàárín ẹni 80 àti ẹni 95, ìyàtọ̀ ikú pọ̀ gan-an, ibẹ̀ gan-an sì ni Jàpáánì ti ní ènìyàn ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Níkẹyìn, mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo padà sí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tó pín gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́nà kan náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún náà tún dá wàhálà sílẹ̀. Nínú àtẹ olówó yẹn, iye 2019 ni wọ́n lò fún àwọn kan, iye 2021 fún àwọn mìíràn. Kòrónà ti wọ àárín ọdún méjèèjì! Ọdún tí ọmọ tuntun ń retí láyé, ní ìpíndọ́gba fún gbogbo àgbáyé, já láti nǹkan bí 73 ní 2019 sí nǹkan bí 71 ní 2021. Ẹni tí wọ́n fi iye 2021 ṣírò ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan náà ni mo lò fún gbogbo wọn, mi ò sì mú 2020 tàbí 2021 rárá.

Àwọn ìyókù yá. Iye ọmọ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ni mo fọkàn tán jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, torí pé omi tó mọ́, oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aboyún ló ń gbé e wálẹ̀, epo rọ̀bì kò sì lè dá a ṣe. Ẹ wo Equatorial Guinea. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo níbẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni owó tí wọ́n ń pín sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìwé ti fò sókè, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọdé ṣì ń kú. Kúbà kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ibẹ̀ sì gùn ju ti Equatorial Guinea lọ dáadáa. Èyí ló mú kí n fi owó sí òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀, mi ò pò ó mọ́ nǹkan kan.

Iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń parí sí. Ní Iran, ó lé ní 6 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tó fi máa di 2000, ó ti wá sí nǹkan bí 2. Ìyípadà ńlá ni, ó sì bá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin àti ilé ìtọ́jú tó dé ìgbèríko rìn. Àmọ́ bí ó bá ti wálẹ̀ ju 2 lọ, ẹ má fi í to ẹnikẹ́ni mọ́. Gúúsù Kòríà ní 0.72 ní 2023, Faransé ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kò sì sọ Kòríà di ẹni tó dàgbà ju Faransé lọ. Àtẹ tí mo rà ń fún ẹni tó bí ọmọ kéré jù ní máàkì tó pọ̀ jù, láìdúró níbì kan. Ó ṣì ń bí mi nínú.

Àtẹ tèmi ti parí, mo sì fi í yangàn. Jàpáánì padà sókè níbi tó yẹ ẹ́, Chad wà níbi tí ìrànlọ́wọ́ ti yẹ kó dé bá a. Òpó kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí nínú ti ẹlòmíràn: ọdún tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ka ènìyàn kẹ́yìn. Lẹ́bánónì kò tíì ka ènìyàn ní kíkún láti 1932, Congo ti Kinshasa láti 1984. Iye tí a ń kà fún wọn, ìdíyelé àwọn onímọ̀ ni. Níbi tí ìkànìyàn bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo fi àwọ̀ eérú kun ìlà náà, mi ò sì jẹ́ kí ìyàtọ̀ kékeré láàárín irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ méjì pinnu èyí tó wà níwájú.