Bí mo ṣe ń ta Northumberland fún àwọn tó ń ta ìrìn-àjò

Ó di ọdún 9 báyìí tí mo ti ń ta yàrá fún òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan nítòsí Alnwick, ní káúńtì Northumberland, ní òkè pátápátá ilẹ̀ England níbi tó ti bá Scotland pààlà. Àwọn tó ń sùn lọ́dọ̀ wa kọ́ ni mo ń tajà fún. Àwọn tó ń ta ìrìn-àjò fún wọn ni oníbàárà mi: ilé-iṣẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀sì ńlá kó àwọn ará Jámánì wá, àwọn aṣojú ní London tó ń ṣètò ọ̀nà fún àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ará Netherlands tó ń kó ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ọgbà òdòdó kiri. Tí ọ̀kan nínú wọn bá fi wá sínú ìwé ìpolówó rẹ̀, 40 èèyàn lè sùn lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì lè máa rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjìméjì títí ìgbà ooru yóò fi parí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà nídìí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ìgbàlejò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, àwọn mìíràn sì ti di ọ̀gá. Ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Ẹ lè fi orúkọ káúńtì tiyín rọ́pò tèmi, ṣùgbọ́n èyí tí mo mọ̀ ni màá fi ṣàlàyé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹwà ni mo ń tà. Mo máa ń kọ ímeèlì gígùn nípa etíkun tó mọ́ lóló, nípa ilé olódi orí àpáta, nípa afẹ́fẹ́ tútù. Ẹnikẹ́ni kì í dá mi lóhùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbogbo káúńtì ló ń kọ irú lẹ́tà yẹn. Cornwall ní etíkun, Kent ní ilé olódi, Cumbria ní òkè àti adágún. Ẹwà ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìrìn-àjò. Ohun tó ń wá ni ọjọ́ tí yóò lọ geere láti àárọ̀ dalẹ́: ibi tí bọ́ọ̀sì yóò dúró sí, ibi tí 45 èèyàn yóò ti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, ibi tí wọn yóò ti jẹun, ibi tí wọn yóò sùn, láìsí pé ẹnì kan pè é lórí fóònù láti ṣàròyé.

Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀ kí ẹ tó lanu

Ìrìn-àjò tí wọ́n ń tà jù ní erékùṣù yìí máa ń gba London lọ sí York, kó tó wá gba York lọ sí Edinburgh. Títì A1 ni wọ́n máa ń gbà, títì náà sì la Northumberland kọjá látìsàlẹ̀ dókè. Ìyẹn ni pé àwọn àlejò tí mò ń wá ti ń gba iwájú ilé wa kọjá lójoojúmọ́. Wọn kàn kì í dúró ni.

Láti York dé Edinburgh, ọ̀nà náà ju 200 máìlì lọ díẹ̀. Òfin sì sọ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 4 àtààbọ̀ lọ láì sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Nítorí náà, ibì kan ní láti wà tí wọn yóò ti dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń dúró níbi tí wọ́n ti ń ta epo, kí wọ́n mu kọfí, kí wọ́n tún wọkọ̀. Ìṣẹ́jú 45 yẹn ni mo gbà wọlé. Mo sọ fún wọn pé dípò ibi epo, kí wọ́n yà sí Alnwick. Ilé olódi tí ìdílé Percy ti ń gbé láti ọdún 1309 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìtàwé àlòkù ńlá kan tó wà nínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, níbi tí iná ti ń jó nínú ààrò nígbà òtútù. Àwọn tó bá yà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń kábàámọ̀ pé àkókò kò tó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni màá wá bá ilé-iṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nípa sísùn.

Fún oṣù Kẹjọ, mo ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Àjọ̀dún ńlá Edinburgh máa ń kún ìlú yẹn dẹ́nu lóṣù náà, owó yàrá a sì fò sókè. Ẹgbẹ́ tó bá sùn lọ́dọ̀ wa kò ju nǹkan bíi wákàtí 2 sí Edinburgh nínú bọ́ọ̀sì: wọ́n lè lọ ní àárọ̀, kí wọ́n wòran, kí wọ́n padà wá sùn. Gbólóhùn kan yìí ti ta yàrá fún mi ju gbogbo ímeèlì ẹwà tí mo kọ lọ.

Ojú omi náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan máa ń ṣí ní IJmuiden nítòsí Amsterdam ní ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń gúnlẹ̀ ní North Shields, ní ẹnu odò Tyne, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn bọ́ọ̀sì ará Netherlands àti Jámánì máa ń ti inú rẹ̀ jáde tààrà sí Scotland. Àwọn èrò ti sùn, wọ́n ti jẹun àárọ̀, odidi ọjọ́ kan ló wà níwájú wọn. Èmi ń béèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. (Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ fi ń fìdí àdéhùn múlẹ̀ pé láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni àwọn ará Yúróòpù ti ní láti gba ìyọ̀ǹda ETA kí wọ́n tó wọlé, àti pé káàdì ìdánimọ̀ lásán kò tó fún ọ̀pọ̀ wọn, pásípọ́ọ̀tù ni.)

Òkun ló ni Lindisfarne

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà. Lindisfarne, tí wọ́n tún ń pè ní Erékùṣù Mímọ́, ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Aidan dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-Ọlọ́run sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 635, àwọn Viking, ìyẹn àwọn akónilẹ́rù orí òkun láti Scandinavia, sì kó ibẹ̀ lọ́dún 793. Ìwé Ìhìnrere aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fọwọ́ kọ níbẹ̀ wà ní British Library ní London dòní. Ṣùgbọ́n títì kan ṣoṣo ló wọ erékùṣù náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 5 lẹ́ẹ̀kan. Àkókò náà kì í dúró sójú kan: lójoojúmọ́ ló ń sún síwájú pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 50.

Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, mo fi ètò ọjọ́ méjì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì. Ìgbà 6 ni wọ́n fẹ́ kó èrò wá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ fún gbogbo wọn pé: "Ọjọ́rú, aago 10:30, Lindisfarne." Ọkùnrin tó gbà á ló lọ wo àtẹ omi òkun fúnra rẹ̀. Nínú ìgbà 6 yẹn, ìgbà 3 ni títì náà máa wà nísàlẹ̀ omi ní aago 10:30. Ó kọ̀wé sí mi pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ó ní òun kò lè bá ẹni tí kò mọ ilẹ̀ rẹ̀ ṣòwò. Ó dùn mí gan-an, òótọ́ ló sì sọ.

Láti ìgbà náà, tí àtẹ àkókò ìkọjá tí ìjọba káúńtì Northumberland ń gbé síta bá ti jáde, mo máa ń jókòó tì í pẹ̀lú ọjọ́ gbogbo ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Níwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń kọ ọ̀kan nínú ètò mẹ́ta. Ètò kìíní: erékùṣù láàárọ̀, Alnwick lọ́sàn-án. Ètò kejì: Alnwick láàárọ̀, erékùṣù lọ́sàn-án. Ètò kẹta wà fún ọjọ́ tí òkun kò gbà rárá ní àkókò tó wúlò: ilé olódi Bamburgh ni wọn yóò lọ, ibi tí àwọn ọba Northumbria jókòó sí láyé àtijọ́. Mo máa ń kọ wákàtí tí bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí erékùṣù sí i pẹ̀lú, ní lẹ́tà ńlá, mo sì máa ń fi wákàtí kan gbáko sílẹ̀ ṣáájú èyí tí ìjọba kọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ yọ àwọn tó rò pé ọkọ̀ àwọn á yára ju omi lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ tèmi wà nínú wọn láé.

Ojú ìwé kan péré ni àtẹ yìí. Òun ló sọ mí di ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Káúńtì tiyín lè máà ní òkun, ṣùgbọ́n yóò ní nǹkan tirẹ̀: afárá tí bọ́ọ̀sì gíga kò lè gba abẹ́ rẹ̀, ọjọ́ ọjà tí ojú ọ̀nà máa ń dí, ọgbà tí wọ́n ń tì ní ọjọ́ Ajé. Ẹ wá a rí kí oníbàárà tó rí i.

Owó

Ká ní £100 ni ẹni tó bá wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì wa máa san fún yàrá kan. Aṣojú tó bá kàn ta yàrá náà fún èèyàn méjì máa ń retí nǹkan bíi £10 nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìpolówó tó sì ń kó ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ kó sún mọ́ £20. Àwọn tó wà ní London tó ń ra ọjà lọ́dọ̀ wa láti tún un tà fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun lè béèrè £25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èèyàn méjì ni yóò jèrè lára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àlejò. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó pàdé wọn. Tí iye tó kù kò bá lè bo iná, oúnjẹ àti owó iṣẹ́, ẹ má wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá sì ti fún wọn ní iye kan, ẹ má ṣe ta yàrá náà ní ẹ̀dínwó lójú ìtàkùn tiyín. Wọ́n á rí i, wọn ò sì ní padà wá.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀sì máa ń fẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ wà nínú owó náà. Awakọ̀ àti olórí ẹgbẹ́ kì í san nǹkan kan. Ẹ fún awakọ̀ ní yàrá tó dára, tó jìnnà sí ariwo, nítorí òun ló ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ibi tó yẹ kí wọ́n padà sí.

Ìwé kan, ìtàn kan

Ohun tí mo ń kó fún oníbàárà kò ju ojú ìwé kan lọ fún ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan. Máìlì láti títì A1. Iye bọ́ọ̀sì tí ibi ìgbọ́kọ̀sí gbà. Iye àtẹ̀gùn. Oṣù tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì, nítorí ilé olódi Alnwick máa ń tì nígbà òtútù. Ẹ sọ èyí tó le láìfi pamọ́. Lára Odi Hadrian, tí àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 122 tó sì gùn tó 73 máìlì, àgọ́ ọmọ ogun Róòmù tó ń jẹ́ Housesteads ló rẹwà jù lójú mi, ṣùgbọ́n òkè ni wọn yóò fẹsẹ̀ gùn láti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Tí eékún bá ń dun àwọn èrò, àgọ́ Chesters tẹ́jú jù ú lọ.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, ìtàn kan péré, tí olórí ẹgbẹ́ lè sọ tán nínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó dé. Fún Vindolanda, àgọ́ ọmọ ogun Róòmù mìíràn, ó jẹ́ ti pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí Claudia Severa fi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 100. Fún Bamburgh, ti Grace Darling ni, ọmọ olùtọ́jú ilé ìmọ́lẹ̀ Longstone. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sínú ìjì lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1838 láti yọ àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ mọ́ àpáta. Fún Craster, ẹja ṣáwá tí wọ́n fi èéfín igi óákù yan, òórùn rẹ̀ a sì ti sọ ìtàn náà kí ẹ tó lanu.

Àwòrán náà ń fẹ́ àbójútó. Igi kan wà ní Sycamore Gap lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odi Hadrian tí gbogbo wa ń fi polówó. Àwọn kan gé e lulẹ̀ lóru nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Mo sunkún ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n yọ àwòrán náà, mo sì fi òmíràn ránṣẹ́, nítorí kò yẹ kí a fi ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ pe èèyàn wá.

Ìgbà àti ìpàdé

Nínú oṣù Kọkànlá, tí World Travel Market, ìpàtẹ ńlá àwọn tó ń ta ìrìn-àjò, bá ń lọ ní gbọ̀ngàn ExCeL ní London, ọ̀pọ̀ ti parí ètò ìgbà ooru tó ń bọ̀. Ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ ṣáájú ni kí iye owó yín ti délẹ̀. Àwọn oníbọ́ọ̀sì ti ilẹ̀ Britain fúnra wọn máa ń péjọ sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ NEC ní Birmingham nínú oṣù Kẹta. Tí owó kò bá tó láti gba àyè fúnra yín, ẹ kan ilẹ̀kùn àjọ tó ń polówó káúńtì yín. Visit Northumberland ni tiwa. Ẹ dara pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò: òtẹ́ẹ̀lì nìkan kò ṣe é tà, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Seahouses lọ sí Farne Islands àti ilé olódi kan jẹ́ odidi ọjọ́.

Níbi ìpàtẹ, ìṣẹ́jú bíi 15 ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan máa ń fún yín nídìí tábìlì. Ẹ fi 10 béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn: ta ni èrò wọn, ibo ni wọ́n sùn lóru tó ṣáájú, kí ló ń dà wọ́n láàmú lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí lẹ́tà yín sì dé ọwọ́ wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Fún oṣù Karùn-ún dé ìparí oṣù Keje, ẹyẹ puffin ti Farne Islands ni mo ń tà. Fún ìgbà òtútù, òkùnkùn ni: láti ọdún 2013 ni ojú ọ̀run Northumberland ti gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé fún òkùnkùn tí kò lábàwọ́n, wọ́n sì ń wo ìràwọ̀ nínú igbó Kielder.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ẹ pè wọ́n wá wò ó. Ẹni 4 tàbí 5 ti tó, ọjọ́ méjì péré. Mi ò kì í kó wọn lọ ibi 9. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń mú wọn dúró sí etí títì Lindisfarne nígbà tí omi bá ń padà bọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Omi a wá díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì, a pàdé láàárín, títì a sì pòórá. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á yíjú sí mi pé báwo ni òun ṣe máa mọ ọjọ́ tó bá àwọn èrò òun mu. Àtẹ náà ti wà nínú àpò mi, pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀.