Owó Ọmọdé: Àṣìṣe Tí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ń Ṣe Nídìí Mọ́tò Háyà Ní Amẹ́ríkà

Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró sẹ́yìn káńtà ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi mọ́tò háyà ní pápákọ̀ òfurufú ní ìpínlẹ̀ Texas. Kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan parí kí ọmọ Yorùbá kan, ẹni ọdún 21 tàbí 22, tó fa báàgì dé iwájú mi, kó ka orúkọ tó wà láyà mi, kó sì na fóònù sí mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, 38 dọ́là lójúmọ́ ni mo rí níbí. Báwo ló ṣe wá di 66?" Inú á bí i. Inú á bí èmi náà, nítorí ohun tó yẹ kó ti wádìí nílé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ níwájú mi, pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá tó ti tò sẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì sí ibòmíràn tó máa sáré lọ mọ́.

Owó ọmọdé ni àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń pè é. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 25, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ á fi nǹkan bíi 25 sí 30 dọ́là lé owó mọ́tò rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ 25 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, 250 dọ́là ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ fún ẹni tí kò tó ọdún 20 tàbí 21 ní mọ́tò rárá. Ní New York àti Michigan, òfin ní wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ọjọ́ orí nìkan lé ẹni ọdún 18 padà, àmọ́ òfin fún wọn láyè láti gba owó sí i, owó tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹni ọdún 18 sí 20 níbẹ̀ máa ń wọni lára gidi.

Àṣìṣe kìíní: ẹ kì í fi ọjọ́ orí yín sí i nígbà tí ẹ bá ń wá mọ́tò lórí fóònù. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè ọjọ́ orí awakọ̀, 25 sókè ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yí i padà sí ọjọ́ orí yín gan-an. Iye tó bá yọ nígbà náà ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Èkejì: ẹ kì í wá ọ̀nà tó tọ́ láti yọ owó náà kúrò, ọ̀nà sì wà. AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà, ní àdéhùn pẹ̀lú Hertz pé bí ẹni ọdún 20 sí 24 bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tó sì lo nọ́ńbà àdéhùn wọn nígbà tó ń gba mọ́tò sílẹ̀, wọn kò ní gba owó ọmọdé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpele ẹgbẹ́ tó kéré jù, owó rẹ̀ fún ọdún kan kì í sábà ju owó ọmọdé ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ẹ mú káàdì ẹgbẹ́ náà dání wá síbi káńtà, torí wọ́n máa béèrè rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti wọ iṣẹ́ ológun níbí kò kéré. Bí òbí tàbí ọkọ tàbí aya yín bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹ lè wọ USAA, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti báńkì àwọn ológun àti ẹbí wọn, torí àwọn náà ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mélòó kan. Ẹ̀yin tó wà ní yunifásítì, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé-ìwé ló ń gbé yín lọ, ẹ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìrìnàjò. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní àdéhùn tó mú owó ọmọdé kúrò fún ẹni tó ń rìn nítorí iṣẹ́ wọn. Mo ti rí ọmọ tó ń lọ sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí rẹ̀ ní ìpàdé àwọn onímọ̀, tó san owó yìí lápò ara rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Kò béèrè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù, torí náà ẹ ní sùúrù fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi orúkọ yín gba mọ́tò, èmi ni màá máa wà á." Ọgbọ́n yìí ti tàn kálẹ̀ láàárín wa débi pé èèyàn ń fi kọ́ ara wọn ní ilé ìjọsìn. Ẹni ogójì ọdún á wá síwájú mi, á fi láísẹ́ǹsì àti káàdì rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́, kò sì ní tíì dé ìta tí ọmọ ọdún 21 fi máa jókòó sídìí ọkọ̀. Ẹ má rò pé a kì í rí i. A ń rí i.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé orúkọ awakọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ tó bá wa mọ́tò náà, ààbò tí ẹ̀gbọ́n yín sanwó fún níbi káńtà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti kírẹ́díìtì káàdì náà kò ní dáhùn, torí awakọ̀ tí àdéhùn mọ̀ nìkan ló wà fún. Ọkùnrin kan tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún ṣe èyí fún ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Dallas. Òjò rọ̀ lọ́nà, ọmọ náà yọ̀ lórí omi, ó sì fi imú mọ́tò gbá ògiri etí títì. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tó fara pa. Àmọ́ ọlọ́pàá dé, orúkọ ọmọ ló kọ sílẹ̀ pé ó wà á, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan sì ti tú. Wọ́n ní kí bàbá yìí san owó àtúnṣe, owó ọkọ̀ tó fà á, àti owó gbogbo ọjọ́ tí mọ́tò náà fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kò lè pa owó wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Owó ọmọdé tí wọ́n ń sá fún kò tó 90. Nígbà tí bàbá náà tún wá háyà mọ́tò lọ́dún kejì, èmi ni mo wà lórí káńtà, èmi ni mo sì sọ fún un pé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní mọ́tò mọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wo káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò sọ èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 23, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba mọ́tò, èmi ni mo wà á lọ wà á bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Mo fi ẹ̀gbọ́n mi sínú ewu tí kò mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀.

Bí ẹnì kan tó ti kọjá ọdún 25 bá wà láàárín yín, òun ni kó gba mọ́tò, òun nìkan ni kó sì wà á. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọdé náà wà á, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì mọ̀ pé yóò mú owó awakọ̀ kejì àti owó ọmọdé wá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gba owó awakọ̀ kejì fún ọkọ tàbí aya, ṣùgbọ́n bí aya bá jẹ́ ọmọ ọdún 23, owó ọmọdé ṣì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dẹ́bíìtì káàdì: àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò pé 25, àwọn tó sì ń gbà á á há owó mọ́ inú rẹ̀ títí ẹ ó fi dá mọ́tò padà. Ẹ má fi owó ilé gbígbé sínú àkáǹtì yẹn.

Epo: ẹ rọ ọ́ kún fúnra yín kí ẹ tó dá mọ́tò padà.

Tógéètì. Ní Houston, Dallas àti Florida, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni kò sí ẹni tí ẹ máa na owó sí mọ́. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà mọ́tò. Bí ẹ bá kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ilé-iṣẹ́ mọ́tò á gba owó ọ̀nà, á sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e, ìgbà mìíràn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní táàgì tiyín, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mọ́tò láti san owó ọ̀nà, ẹ wò ó bóyá wọ́n gbà kí ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò háyà kún àkáǹtì yín, kí ẹ sì rántí yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a padà. Àbí kẹ̀, kí ẹ ní kí fóònù fi ọ̀nà tí kò ní tógéètì hàn yín.

Ẹ má kọ gbogbo ìnṣọ́ránsì sílẹ̀ torí pé ọ̀rẹ́ yín kan kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ yín ní mọ́tò tiẹ̀, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e dé inú mọ́tò háyà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé kò ní irú ẹ̀. Kírẹ́díìtì káàdì tó dára lè bo ara mọ́tò bí ẹ bá fi káàdì yẹn san gbogbo owó rẹ̀, tí ẹ sì kọ èyí tí wọ́n ń tà níbi káńtà, ṣùgbọ́n kì í sábà bo ẹni tí ẹ bá gbá.

Wákàtí 24 ni ọjọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ tuntun lè bẹ̀rẹ̀, òun náà á sì mú owó ọmọdé tiẹ̀ dání. Ọbẹ̀ tí ẹ gbé bọ̀ láti òde àríyá, ẹ dè é dáadáa. Epo pupa kì í ṣí lára kápẹ́ẹ̀tì, owó fífọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.

Ọmọbìnrin kan wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, ọjọ́ méje ló fẹ́. Mo wo láísẹ́ǹsì rẹ̀: ó ku ọjọ́ méjì kó pé ọmọ ọdún 25. Mo bi í bóyá ẹnì kan wà tó lè máa gbé e kiri di ọjọ́ Ẹtì. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wá gbé e. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ó padà dé, mo kọ mọ́tò náà fún un fún ọjọ́ márùn-ún, mo sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde láìsí owó ọmọdé nínú rẹ̀.