Ẹ bi àwọn obìnrin kí ṣọ́bìrì tó wọlẹ̀: ìrántí ará ìlú nínú ìfọ̀mọ́ ibi ìwakùsà

Lọ́dún 2010, òjé (lead) inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Ẹ̀rọ XRF tí wọ́n fi ń wọn òjé inú ilẹ̀ kì í rí ju ibi tí ẹ bá gbé e lé. Àwọn tó fọ́ òkúta náà ló mọ ibi tó yẹ kí ẹ gbé e lé.

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Inú àgbàlá ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n sì fi ń lọ̀ ọ́. Baálé ilé lè má mọ igun tí iṣẹ́ náà ti wáyé. Níbi tí ẹlẹ́hàá bá wà, obìnrin tó gbọ́ Hausa ni kí ẹ rán wọlé.

Ẹ má béèrè bóyá ilẹ̀ wọn ní májèlé. Ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ti fọ́ ọ? Níbo lẹ sá a sí? Níbo lẹ da omi tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ sí? Níbo lẹ ti bu amọ̀ tẹ́ ẹ fi mọ ògiri? (Ìbéèrè amọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ògiri lè máa ru eruku òjé.) Bí wọn ò bá rántí ọdún, ẹ fi Iléyá tàbí ọjọ́ ìbí ọmọ wá a.

Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà agbo ilé ti tó. Bí wọ́n bá fura pé ọlọ́pàá lè rí ìwé yín, wọn á sẹ́, ilé wọn á sì bọ́ nínú ìfọ̀mọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán agbo ilé sórí ilẹ̀, kí ẹ bá wọn rìn ín, kí ẹ ri èèkàn mọ́ ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí. Bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan níbẹ̀, ẹ má tíì ní irọ́ ni wọ́n pa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ mìíràn bò ó, tàbí kí òjò ti gbé e lọ sísàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

Òdiwọ̀n òjé inú yẹ̀pẹ̀ tí Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà jẹ́ 400 mg/kg (mílígíráàmù nínú kìlógíráàmù yẹ̀pẹ̀ kan) fún àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ní 2024 wọ́n já a sí 200. 200 ni kí ẹ̀yin dì mú.

Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wà ni kó ṣáájú. Oògùn tó ń fa òjé jáde lára kò wúlò fún ọmọ tó ń padà sórí eruku kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Bagega, ìlú kan ní Zamfara, fi dúró títí di 2013, tí wọ́n tó fọ ìlú wọn mọ́, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Bagega síwájú ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ṣe sùúrù.

Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó ha yẹ̀pẹ̀ tó ní òjé kúrò, nítorí eruku. Ẹ jẹ́ kí ará ìlú fọwọ́ sí ibi tí wọn yóò sin yẹ̀pẹ̀ náà sí, jìnnà sí kànga, kí ẹ̀dà àwòrán ibẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin kan náà, kí ẹ béèrè bóyá fífọ́ òkúta ti padà wọ àgbàlá.