Bí mo ṣe ya ilé àwọn ẹranko Nàìjíríà sára ògiri kíláàsì wa n'Íléṣà

Àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà ńlá kan ti wà lára ògiri ẹ̀yìn kíláàsì JSS 2 wa báyìí, ẹranko ìgbẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Ohun tó mú mi ṣe é ni pé nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ dárúkọ ẹranko tó ń gbé inú igbó orílẹ̀-èdè yìí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà nínú igbó Nàìjíríà kankan. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí i. Ọ̀fàfà, ẹranko kékeré orí igi tí àwọn bàbá wọn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru lóko, ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an.

Mo fi rúlà fa ilà ìbú àti ìnàró sórí àwòrán ilẹ̀ inú átíláàsì, ó di àpótí kéékèèké. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì fa iye àpótí kan náà sára ògiri, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí tóbi. Ohun tó bá wà nínú àpótí kan nínú ìwé, òun náà ni mo yà sínú ìkejì rẹ̀ lára ògiri. Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ni mo kọ́kọ́ yà. Bí ibẹ̀ bá ti gún, ìyókù ò ní ṣòro.

Mi ò fi ìpínlẹ̀ pín in. Bí ilẹ̀ ṣe rí ni mo tẹ̀ lé: irà etíkun, igbó kìjikìji tí Iléṣà àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀dàn tó gba àárín orílẹ̀-èdè, ilẹ̀ gbígbẹ lápá Borno àti Yobe, àti àwọn òkè gíga ìlà oòrùn. Òjò ló ń ṣe ìpín yìí. Béèyàn bá ṣe ń ti etíkun lọ sí àríwá ni òjò ń dín, tí igi ń kúrú, tí koríko ń gba ilẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ èyí lè fúnra rẹ̀ sọ ibi tó yẹ kí ẹranko kan wà. Ẹdun tó ń jẹ ewé orí igi, kí ni yóò jẹ ní Yobe?

Òfin kan ni mo fi lélẹ̀: ẹranko tí a ò bá lè dárúkọ ibi tó ń gbé kò gbọdọ̀ gun ògiri. Gọ̀rílà lọ sí Cross River létí ààlà Kamẹrúùnù. Irú tirẹ̀ ò ju nǹkan bí 300 lọ lágbàáyé. Ìnàkí lọ sí Gashaka-Gumti, ọgbà ẹranko ìjọba ní Taraba àti Adamawa, níbi tí òkè Chappal Waddi ti ga tó mítà 2,419. Erinmi wọ Kainji, ọ̀bọ ọlọ́fun funfun wọ Òkòmù ní Ẹdó, ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò sí níbòmíràn wọ orí àpáta Ìdànrè. Erin ló ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù, torí Yankari nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ erin wà nínú igbó Ọmọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo gé méjèèjì lọ́tọ̀: etí erin inú igbó rí roboto, eyín rẹ̀ sì gún wá sísàlẹ̀.

Kí n tó ya ọ̀fàfà, mo lọ bá bàbá ọdẹ kan ládùúgbò wa. “Tíṣà,” wọ́n ní, “ìrù rẹ̀ ò hàn síta. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, èékánná ibẹ̀ dà bíi pátákò kékeré. Irun àárín ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́ ju ti ara yòókù lọ.” Wọ́n wá sín ohùn rẹ̀ jẹ fún mi, ó ń gbó wúkẹ́wúkẹ́. Inú mi dùn dé gongo, nítorí ní 2021 ni àwọn onímọ̀ kéde pé ọ̀fàfà tó wà láàárín odò Volta ní Gánà àti odò Ọya jẹ́ irú kan lọ́tọ̀. Ohùn wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀: tiwa ń gbó, ti òdìkejì odò ń han ni. Odò náà ló là wọ́n níyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kun Ọya nípọn ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ.

Fún àwòrán àwọn tó kù, mo yà lọ sí Ifẹ̀, mo wo àwọn ẹranko tí wọ́n tọ́jú sí mùsíọ́mù ẹ̀dá inú OAU. Káádíbọ́ọ̀dù ni mo fi gé wọn, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ wọ́n.

Èyí tó ti kúrò nílẹ̀ wa, èédú ni mo fi ya òjìji rẹ̀. Bí àgùfọn ṣe rí nìyẹn. Orílẹ̀-èdè Niger nìkan ni irú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kù sí. Àwọn ọmọ ní kí n fi èédú ya kìnnìún náà. Mo kọ̀. Ó ṣì wà ní Yankari àti Kainji, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ò tó 50 mọ́. Ọ̀dà gidi ni mo fi kùn ún, ojú ibi méjèèjì yẹn nìkan ni mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Táàmù tó ń bọ̀, ẹyẹ ló kàn. Èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Ìbàdàn, tí kò sí níbikíbi lágbàáyé àfi lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.