Kéèkì ọdún tí kò ní bọ́tà, tí kò ní mílíìkì: bí a ṣe ń ṣe é

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, kéèkì ló máa ń gba orí tẹlifíṣọ̀n. Ètò kan á parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ju bọ́tà sínú abọ́, ṣúgà á tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ á sì máa lù ú títí á fi funfun. Ẹni tí mílíìkì ò bá lára mu á kàn máa wòran, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀kọ́ tó wà nínú àwọn ètò yìí pọ̀ fún un, bó bá mọ ohun tó yẹ kó mú àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ ṣe kéèkì fún. Ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ kì í lè da ṣúgà inú wàrà: inú á kùn, á wú, ó lè máa ṣu gbuuru. Ẹnì kan sì wà tí wàrà jẹ́ èèwọ̀ ara fún. Purotéènì inú wàrà ni ara tirẹ̀ ń bá jà, ìyẹn sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí bíńtín péré lè mú kí ẹnu wú tàbí kí èémí há. Bó bá jẹ́ irú ẹni kejì yìí ló máa jẹ ẹ́, ẹ fọ abọ́, páànù àti ṣíbí dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì ṣe kéèkì olóbọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyin ò sí lára wàrà o. Àwọn kan ń da méjèèjì pọ̀ torí pé ibì kan náà ni wọ́n ń tò wọ́n sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí à ń pè ní bọ́tà nílé, èyí inú ike tí a fi ń jẹ búrẹ́dì, màjàrín ni púpọ̀ nínú rẹ̀, òróró ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹ má torí ìyẹn fọkàn tán an. Ẹ yí ike náà, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: bẹ́ ẹ bá rí “milk solids”, “whey”, “casein” tàbí “lactose”, wàrà ti wọ ibẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ohun tí a lè rí kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú The Great British Bake Off, ètò ìdíje kéèkì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ lórí BBC lọ́dún 2010 tó sì kó lọ sí Channel 4 lọ́dún 2017, abala kan wà tí wọ́n ti máa ń fún àwọn olùdíje ní ìlànà tí wọ́n ti gé kúrú. Wọ́n lè ní kí wọ́n ṣáà yan án, láìsọ iye ìṣẹ́jú. Abala yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ jù. Ẹ máa rí i tí ẹni tó mọṣẹ́ á lóṣòó síwájú ófùnù, tí á máa wo àwọ̀, tí á fìka tẹ àárín kéèkì wò. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìṣẹ́jú tí ẹ rí lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti gé e.

Bí wọ́n ṣe ń lu bọ́tà mọ́ ṣúgà yẹn, atẹ́gùn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Òróró ò lè di atẹ́gùn mú bẹ́ẹ̀, torí náà ẹyin la máa bẹ̀ níṣẹ́. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Harry Baker, ọkùnrin kan tó ń ta ìwé adójútòfò ní Los Angeles, gbé kéèkì olóróró tí wọ́n ń pè ní chiffon jáde lọ́dún 1927, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ àṣírí rẹ̀ títí ó fi tà á fún General Mills, ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1947. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí kéèkì mìíràn tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n padà, ẹ rántí pé nínú bọ́tà gíráàmù 100, ọ̀rá tó bíi 80, omi ló sì pọ̀ jù nínú ìyókù. Òróró gíráàmù 80 ti tó dípò rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ka bọ́tà ní “stick”. Gíráàmù 113 ni ọ̀kan.

Fún páànù róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ wá fúláwà gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 180, ẹyin mẹ́ta, òróró mìlílítà 120 (kì í ṣe epo pupa o), mílíìkì àgbọn mìlílítà 180, baking powder ṣíbí kékeré méjì, iyọ̀ díẹ̀, nutmeg díẹ̀, ọsàn méjì àti résìnì gíráàmù 150.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ rin èèpo ọsàn kan pa mọ́, kẹ́ ẹ fún omi ọsàn sórí résìnì, kó sùn mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ rin àgbọn kan, ẹ da omi gbígbóná ife kan sí i, kẹ́ ẹ fún un nínú aṣọ mímọ́. Mílíìkì àgbọn nìyẹn; omi tó wà nínú àgbọn fúnra rẹ̀ kọ́ là ń wí. Bó bá jẹ́ ti inú agolo lẹ rà, ẹ mì í dáadáa, torí ọ̀rá rẹ̀ máa ń léfòó.

Ẹ tan ófùnù sí 170°C, kẹ́ ẹ fi òróró pa páànù. Ẹ jọ fúláwà, baking powder, iyọ̀ àti nutmeg pọ̀.

Ẹ wá lu ẹyin pẹ̀lú ṣúgà. Ibí yìí ni kéèkì náà ti ń dáa tàbí kó bàjẹ́, ẹ má kánjú. Á kọ́kọ́ pọ́n, á fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á wá ṣì. Ẹ gbé ohun tí ẹ fi ń lù ú sókè: bí èyí tó ń ṣàn sílẹ̀ bá dúró díẹ̀ lórí ti inú abọ́ kó tó rì, ó ti tó. Bó bá rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ máa lù ú lọ.

Ẹ máa da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú èèpo ọsàn. Ẹ bu fúláwà díẹ̀ sí i, mílíìkì àgbọn díẹ̀, títí á fi tán, kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí fúláwà ò bá ti hàn mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Àpòjù ló ń mú kéèkì yi. Ẹ sẹ́ résìnì, ẹ fi fúláwà díẹ̀ pa á lára kó má baà rì, kẹ́ ẹ dà á sí i.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú páànù, kẹ́ ẹ gbé e sínú ófùnù. Ó máa gba bí ìṣẹ́jú 50 sí 60. Ẹ má ṣí ófùnù ní ìṣẹ́jú 35 àkọ́kọ́. Ṣúgà àti purotéènì inú wàrà wà lára ohun tó ń mú orí kéèkì pọ́n, nítorí náà tiyín lè má pọ́n tó ti orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má torí ìyẹn jó o. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń yà kúrò lára páànù, tí igi ìtayín tí ẹ kì bọ àárín rẹ̀ sì jáde láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ó ti jinná. Ẹni tí kò ní ófùnù lè lo ìkòkò tó nípọn: ẹ da yanrìn gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, ẹ dé e kó gbóná, kẹ́ ẹ tó gbé páànù sórí yanrìn náà. Iná ò gbọdọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ yí i dà sórí àwo. Bó bá tutù tán, ẹ fi omi ọsàn ṣíbí ńlá méjì po icing sugar gíráàmù 150, kẹ́ ẹ dà á lé e lórí. Ní ìlú tó móoru, ẹ gbé e sí fíríìjì lọ́jọ́ kejì. Kéèkì olóbọ́tà máa ń gan níbẹ̀, àmọ́ eléyìí ṣì máa rọ̀, torí òróró kì í dì bíi bọ́tà.