Bí a ṣe ń ṣe òjìji tí yóò mú kí bàtà kanlẹ̀ nínú Photoshop

Ẹni tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á gé bàtà kúrò nínú fọ́tò kan, á gbé e sórí tábìlì onípákó nínú òmíràn, síbẹ̀ bàtà náà kò ní kanlẹ̀. Òjìji ló kù. Drop Shadow, òjìji tí Photoshop máa ń ṣe fúnra rẹ̀, kì í yanjú ẹ̀, torí òjìji ara ògiri ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì ni bàtà dúró sí.

Kọ́kọ́ wo fọ́tò tábìlì yẹn dáadáa. Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá? Bí ife kan bá wà níbẹ̀, wo ibi tí òjìji rẹ̀ kọrí sí, bó ṣe gùn tó, àti bóyá etí rẹ̀ mú tàbí ó rọ̀. Òjìji tìrẹ gbọ́dọ̀ bá a mu.

Ṣí layer tuntun (ìpele àwòrán tí a ń tò lórí ara wọn) sábẹ́ layer bàtà. Di Ctrl mú, kó o tẹ àwòrán kékeré tó wà lára layer bàtà; ìlà tó ń rìn á yí bàtà ká. Padà sórí layer tuntun, kó o kun inú ìlà náà. Má ṣe fi dúdú kirikiri kùn ún. Fi Eyedropper mú àwọ̀ níbi tó ṣókùnkùn jù lára pákó, torí òjìji orí pákó máa ń ní àwọ̀ pákó nínú. Tẹ Ctrl+D kí ìlà náà lọ. Tẹ Ctrl+T láti yí ìrísí òjìji padà, di Ctrl mú, kó o fa àwọn igun òkè wálẹ̀ sí òdìkejì ìmọ́lẹ̀, títí òjìji á fi sùn sórí tábìlì. Nínú Layers, yí Normal sí Multiply kí òjìji lè wọnú àwọ̀ tábìlì, kó o dín Opacity, ìyẹn bí òjìji ṣe hàn tó, kù sí nǹkan bí 40%.

Lẹ́bàá bàtà ni òjìji ti máa ń mú, á wá máa rọ̀ bó ṣe ń jìnnà. Fi Ctrl+J ṣe ẹ̀dà rẹ̀, fi Gaussian Blur, tó ń mú kí etí rọ̀, díẹ̀ sí ọ̀kan, púpọ̀ sí èkejì, kó o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní layer mask (ìbòjú tó ń fi apá kan layer pamọ́) pẹ̀lú Gradient (àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti dúdú sí funfun), kí èyí tó mú hàn nítòsí, kí èyí tó rọ̀ hàn lọ́nà jíjìn.

Ibi tí bàtà ti kan tábìlì gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni irọ́ ti ń tú, torí ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ibẹ̀. Ṣí layer mìíràn, mú Brush kékeré tí etí rẹ̀ rọ̀, kó o fa ìlà tín-ínrín sábẹ́ gìgísẹ̀ àti sábẹ́ iwájú bàtà. Àárín tó gbókè díẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀. Bí àkókò kò bá sí, ìlà yìí ni kó o ṣe, kó o fi ìyókù sílẹ̀.

Wá dín fọ́tò náà kù títí á fi rí bó ṣe máa rí lórí fóònù oníbàárà. Bí ojú rẹ bá kọ́kọ́ lọ sára òjìji kó tó lọ sára bàtà, tún dín Opacity kù.